Kóòtù Tí Ó Yẹ fún Ẹjọ́ Gbèsè Kékeré

Bí àgbẹ̀ kan láti Ìlaròó bá kó àpò gààrí 12 lọ fún oníṣòwò kan ní Festac Town ní àwìn, tí oṣù mẹ́ta sì kọjá láìrí owó rẹ̀, kí ni kí ó ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìrìn asán ni. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí a mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ilé ẹjọ́ ni ó ni irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wo, àti níbo?

Láti ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti yan àwọn kóòtù májísíréètì kan láti máa gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké. Ẹjọ́ owó tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju 5,000,000 náírà lọ láìka èlé àti ìnáwó ẹjọ́, ni wọ́n ń gbọ́. Owó gààrí wà nínú rẹ̀, àti owó iṣẹ́ tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe parí, àti owó tí a yá ọ̀rẹ́. Èébú, ìjà ààlà ilẹ̀, àti lílé ayálégbé jáde kúrò nínú ilé kò sí níbẹ̀.

Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ ibi. Àgbẹ̀ wa lè rò pé nígbà tí òun ń gbé Ìlaròó, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ibẹ̀ ni kí òun ti pe ẹjọ́ kí ẹsẹ̀ òun lè sinmi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò ni ibi tí onígbèsè ń gbé tàbí tí ó ti ń ṣòwò, àti ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ní Festac Town ni ó ti fi ọjà lé oníṣòwò náà lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí a ti san owó. Nítorí náà Èkó ni kí ó lọ. Ìwé ìpè láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn a máa fa ìdádúró, nítorí ó gbọ́dọ̀ ní àkọlé pàtàkì lára, kí ó sì fún olùjẹ́jọ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán, láti dáhùn.

Nínú Èkó pàápàá, ẹ má ṣe wọ kóòtù èyíkéyìí tí ẹ bá kọ́kọ́ rí, nítorí kì í ṣe gbogbo kóòtù májísíréètì ni a yàn fún iṣẹ́ yìí. Festac Town, Mile 2 àti Kirikiri wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin. Ọjà Alaba wà lábẹ́ ti Ojo. Bí onígbèsè bá ń gbé ní Festac Town ṣùgbọ́n tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Alaba, ẹ kọ àdírẹ́sì méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì bi akọ̀wé kóòtù léèrè ibi tí ó yẹ kí ẹ tó san owó ìwé.

Àdírẹ́sì yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Festac Town, tí Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀dúdú ti ọdún 1977, jẹ́ ìlú nọ́mbà: Avenue àti Road ní nọ́mbà tiwọn, àwọn Close sì ní lẹ́tà. Ẹni tí ó bá kọ “Festac Town” nìkan sínú ìwé ti rán akódà kóòtù lọ wá abẹ́rẹ́ nínú òkun. Ẹ kọ Road, Close àti nọ́mbà ilé.

Kí a tó pẹjọ́, a gbọ́dọ̀ fi ìwé béèrè owó náà lọ́wọ́ onígbèsè, kí a sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ìwé ọjà. Kò pọn dandan láti gba lọ́yà. Láàárín ọjọ́ 7 ni akódà yóò fi ìwé ìpè jíṣẹ́, olùjẹ́jọ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Òfin fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí nínú ọjọ́ 60. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀ràn náà pẹ́ jù: lẹ́yìn ọdún 6, gbèsè àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé pè lẹ́jọ́ mọ́. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 14 láti gbé ẹjọ́ náà lọ sí Kóòtù Gíga.