Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Pontiac Vibe, ọmọ Amẹ́ríkà tó ní ẹ́ńjìnnì Toyota

Bí ẹ bá rí Pontiac Vibe tòkunbọ̀ ní Igolo, ní agbègbè Ifangni wa, ẹ má bẹ̀rù pé pátì rẹ̀ ò ní sí lọ́jà. Ọmọ ìyá Toyota Matrix ni.

General Motors (GM) ló gbé Pontiac jáde ní 1926, ó sì kéde ní oṣù kẹrin 2009 pé òun máa fòpin sí i. Ìlú Pontiac ní Michigan ló ń jẹ́ orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀. Ní 2002, GM àti Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Vibe ní NUMMI, ilé-iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ní ní California. Ti Toyota ni ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá mọ Corolla, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Kí wá ni àwọn tó ni ín ń ráhùn sí? Èyí tí wọ́n ṣe láàrin 2005 sí 2008 ni kí ẹ fura sí: kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́, kí ọkọ̀ kú lójú títì. Ní 2010, GM pè wọ́n padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà. Èyí tó ti wọ Kútọnu ṣáájú ìgbà náà, ta ni yóò pè é? Àwọn ti 2003 sí 2007 náà ní báàgì afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, tó lè bú gbàmù, kó fọ́n irin sára èèyàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣásísì ọkọ̀ náà sí ojú-ìwé NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, láti mọ̀ bóyá àtúnṣe kan ṣì kù tí wọn ò tíì ṣe sí i. Ọ̀fẹ́ ni.