Sòbìà nílẹ̀ Ṣábẹ: ọdún kan kò tó olùyọ̀ǹda ara ẹni

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ná ọjà Ṣábẹ, ó dájú pé ẹ ò tíì gbàgbé sòbìà. Bó bá yọ lẹ́sẹ̀ àgbẹ̀, oko di ìgbẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó mu ún nínú omi adágún kì í mọ̀. Bí ọdún kan ni aràn náà fi ń dàgbà nínú ara, tí yóò gùn tó mítà kan, kó tó dá ẹsẹ̀ lu jáde.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti le fún olùyọ̀ǹda. Àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń wá sí Benin láti 1968, wà lára àwọn tó kọ́ ará abúlé láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mímu, kí ẹni tí sòbìà yọ lára má sì wọ adágún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi lónìí, sòbìà ti èṣí ṣì lè yọ lára rẹ̀ lọ́la. Bó bá ní aṣọ yín kò ṣiṣẹ́, kí ni àlejò fẹ́ wí? Àwa náà ì bá bínú.

Lójú tiwa, ọmọ abúlé tí wọ́n yàn, tí kò ní bá ọdún lọ, ni iṣẹ́ náà dúró lé lórí. Òun ló mọ ilé tí aṣọ ti ya.

Ní 2004 ni Benin rí sòbìà kẹ́yìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2009. Irú àwọn ọmọ abúlé bẹ́ẹ̀, tí ìjọba ń pè ní relais communautaires, ló ń gba ojúlé dé ojúlé báyìí nítorí ibà.