Ààbò fún Ẹni Tó Tú Àṣírí Olè

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, Sūratul-Baqarah, áyà 283, ní kí a má fi ẹ̀rí pamọ́. Áyà 282 sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ni ẹlẹ́rìí lára. Méjèèjì ló ń rìn pọ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà kan jáde: ẹni tó bá tú àṣírí owó ìlú tí wọ́n jí lè gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá gbà padà. Ṣùgbọ́n ìlànà kì í ṣe òfin. Bí ọ̀gá bá lé òṣìṣẹ́ tó sọ òótọ́, ìlànà nìkan kò lágbára òfin láti gbà á sílẹ̀. Ìdí nìyí tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ fi fọwọ́ sí àbá òfin ààbò ní oṣù Kejìlá 2022, kí Ilé Aṣòfin lè sọ ọ́ dòfin.

Ẹ jẹ́ kí a máa rán àwọn aṣòfin wa létí. Kí Ọlọ́hun kà wá mọ́ olódodo. Āmīn.