Òru Mẹ́ta Láìsí Iná NẸ́PÀ: Bí Mo Ṣe Gbé Ẹ̀rọ CPAP Mi Lọ Pàgọ́

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú dánfó, ẹ kú ìjókòó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń kà á lórí fóònù nítorí pé dátà kò tó láti fi gbọ́ ọ, ẹ kú ìfaradà.

Lónìí, mi ò pe àlejò kankan. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún un. Mo máa ń hanrun. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn tí a jọ ń gbé yàrá máa ń sọ pé mo dà bí ẹ̀rọ ìlọta tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò mọ̀ ni pé láàárín hanrun kan sí èkejì, mi ò mí rárá.

Orúkọ tí dókítà pè é ni sleep apnea. Bí èèyàn bá sùn, àwọn iṣan ọ̀fun máa ń dẹ̀. Fún àwa tí a ní àìsàn yìí, wọ́n ń dẹ̀ débi pé ọ̀nà tí èémí ń gbà á pa dé. Èémí á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oxygen inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á wá ta wá jí díẹ̀ kí á lè mí. A kì í rántí pé a jí. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí àìsàn. Bí ó bá tó ìgbà 30, ó ti le nìyẹn. Tèmi ju 30 lọ.

Ìdí nìyẹn tí orí fi máa ń fọ́ mi láràárọ̀, tí mo sì máa ń tòògbé bí mo bá ń ṣe àtúntò ohùn ètò yìí. Mo ti sùn lọ lórí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan rí, nínú gó-síló. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ló fi fèrè jí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fún mi ni wọ́n ń pè ní CPAP. Dókítà Colin Sullivan, ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, ló ṣe é. Ọdún 1981 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìṣègùn The Lancet. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó yé: fáànù kékeré kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà wọ inú ìbòmú tí mo dè mọ́ imú, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ti ọ̀nà ọ̀fun kó má bàa pa dé. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, orí ò fọ́ mi mọ́ láàárọ̀. Àmọ́ iná ló ń lò. Iná yẹn sì ni ọ̀rọ̀ tòní.

Ìpè láti Òkè-Ògùn

Ní ìparí ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún ní ká lọ pàgọ́ sí oko bàbá ọ̀kan nínú wọn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Òru mẹ́ta. Kò sí òpó iná kankan níbẹ̀. Wọ́n ń dá àpárá lórí WhatsApp, wọ́n ń pín ẹni tó máa ra iṣu àti ẹni tó máa gbé ìkòkò. Èmi dákẹ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé mò ń fi ẹ̀rọ sùn. Ìgbà méjì ni mo ti parọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n lè bá wọn lọ síbi tí a máa sùn sí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní mò ń bọ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ

Bí a ṣe ń fi lítà wọn epo, watt-hour la fi ń wọn iná tó wà nínú bátìrì. Bí ohun kan bá ń jẹ watt 10, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, watt-hour 80 ló jẹ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lára bátìrì, ẹ wá volt àti Ah tí wọ́n kọ sí i, kí ẹ sọ ọ̀kan di púpọ̀ lọ́nà èkejì. Bátìrì inverter volt 12, 100Ah, jẹ́ watt-hour 1,200. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń da omi ásíìdì sí, ìdajì ni kí ẹ lò nínú rẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́. Lithium ni a lè lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti power bank yín ńkọ́? 20,000mAh tí wọ́n kọ sí i, orí volt 3.7 ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, nítorí náà watt-hour 74 péré ni. Ó máa ń dùn mọ́ wa lójú torí pé òǹkà rẹ̀ gùn.

Ẹ̀rọ CPAP fúnra rẹ̀ kì í jẹun púpọ̀. Fáànù lásán ni. Alájẹkì ibẹ̀ ni humidifier, ìyẹn ike omi tó ń gbóná lábẹ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbẹ yín lọ́fun, àti rọ́bà tó ní wáyà ìgbóná nínú. Tèmi, bí mo bá tan gbogbo rẹ̀, ó ń jẹ nǹkan bíi watt 45. Bí mo bá pa omi àti rọ́bà ìgbóná, ó ń já sí nǹkan bíi watt 9. Tiyín lè yàtọ̀, nítorí agbára afẹ́fẹ́ tí dókítà yàn fún kálukú kò dọ́gba. Ẹ wọn tiyín fúnra yín.

Alẹ́ tí mo dán an wò

Mo ra bátìrì lithium alágbèékà kan, watt-hour 300, èyí tó ní ojú tí a fi ń rí iye watt tó ń jáde. Mo dúpẹ́ pé mo kọ́kọ́ dán an wò nílé. Mo tan gbogbo nǹkan bí mo ṣe máa ń tàn án, mo kì í mọ́ ojú ihò iná tó dà bíi ti ilé, mo sùn ní aago mẹ́wàá. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, mo ta jí bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Bátìrì ti kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí iná bá lọ, ẹ yọ ìbòmú kúrò kíá. Afẹ́fẹ́ tuntun kò wọlé mọ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ ti mí jáde lẹ óò tún máa fà sínú. Àwọn ìbòmú tó bo imú àti ẹnu pọ̀ máa ń ní fáàfù kan tó ń ṣí fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn sùn.

Àṣìṣe mi jẹ́ méjì. Èkíní ni ìgbóná omi. Èkejì ni inverter. Iná inú bátìrì jẹ́ DC. Inverter á sọ ọ́ di irú iná tó wà lára ògiri, á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣájà ẹ̀rọ mi á tún sọ ọ́ padà di DC, òun náà á jẹ díẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ra gàrí ní Ìjẹ̀bú, tó gbé e wá sí Èkó, tó tún wọkọ̀ gbé e padà sí Ìjẹ̀bú kó tó mu ún. Owó ọkọ̀ nìkan ti tó ra kóńgò kan.

Ọ̀nà àbáyọ ni wáyà DC tó ń lọ tààrà láti ara bátìrì sínú ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: AirSense 10 ti ResMed, volt 24 ló ń lò. DreamStation ti Philips, volt 12 ni. Bátìrì volt 12 kò lè bọ́ ẹ̀rọ volt 24 àyàfi tí ẹ bá ra wáyà tó ń gbé e sókè, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yẹn gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà so fún yín. Bí ó bá sì jẹ́ inverter nìkan lẹ ní, ẹ rí i pé pure sine wave ni. Àwọn tó rọjú lówó lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́.

Mo pe dókítà mi, mo bi í bóyá mo lè pa omi ìgbóná fún òru mẹ́ta. Ó ní kò burú, ọ̀fun mi lè gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan agbára afẹ́fẹ́ tó yàn fún mi. Mo tún un dán wò: wáyà DC, láìsí ìgbóná. Wákàtí 8, watt-hour 72. Òru mẹ́ta á jẹ́ 216. Bátìrì mi, tí mo bá yọ ohun tó ń ṣòfò, á fún mi ní nǹkan bíi 270. Ó tó!

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ lọ́kàn: ṣebí ẹ lè gbé I-better-pass-my-neighbour dání? Rárá o. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá sì ń sùn kì í mọ̀ títí tí yóò fi pa á. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nípa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀. Ti CPAP tilẹ̀ burú sí i, torí pé ibi tí ẹ̀rọ náà bá wà ló ti ń fa afẹ́fẹ́, tí ó sì ń tì í wọ inú imú yín. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sí tòsí àgọ́ tàbí fèrèsé láé.

Bátìrì mọ́tò náà ńkọ́? Ó lè gbé e, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún ohun tó ń fa iná díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Ẹ lè jí láàárọ̀ kí ọkọ̀ má ṣiṣẹ́ nínú igbó. Mo yáa yá pánẹ́ẹ̀lì sólà watt 100 tó ṣeé ká.

Nígbà tí fóònù kú

A gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ. Ọyẹ́ ti mú, eruku gba ojú ọ̀run, ibẹ̀ sì rẹwà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ọ̀kan nínú wọn rí bátìrì mi.

“Áà, o gbé iná wá! Jẹ́ ká ṣáájì fóònù.”

Mo ṣe ìṣirò lórí. Ohun tó máa ṣẹ́kù lẹ́yìn òru mẹ́ta jẹ́ watt-hour 54. Fóònù kan tó jẹ́ 5,000mAh ń jẹ nǹkan bíi 19. Márùn-ún á jẹ́ 95. Bí mo bá gbà, òru kẹta á já sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá kọ̀ láìsọ ìdí, ahun ni wọ́n á pè mí.

Mo ní, “Ẹ jókòó.” Mo yọ ẹ̀rọ náà jáde nínú báàgì, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín lónìí fún wọn: hanrun, èémí tó ń dúró, gó-síló, àti irọ́ ìgbà méjì. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?” Mi ò ní èsì gidi kankan. Ojú ló ń tì mí.

A wá jọ pinnu. Bátìrì jẹ́ ti òru. Sólà jẹ́ ti ọ̀sán: a ó na pánẹ́ẹ̀lì sí oòrùn, fóònù á máa gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́kù á wọ bátìrì. Nítorí eruku ọyẹ́, watt 100 tí wọ́n kọ sára pánẹ́ẹ̀lì kò kọjá 60 lọ́sàn-án gangan, ṣùgbọ́n ó tó wa. Mo gbé ẹ̀rọ sórí àpótí kí eruku ilẹ̀ má bàa wọ inú rẹ̀, mo sì pààrọ̀ fíltà rẹ̀ nígbà tí mo délé. Bátìrì kò kúrò lábẹ́ ìbòòji, torí lithium kò fẹ́ràn ooru. Ọ̀fun mi gbẹ lóòótọ́. Mo gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sùn, mo sì mí.

Kí ẹ tó lọ

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ yìí, tàbí bàbá tàbí ìyá yín ń lò ó, tí ẹ sì ń lọ sí abúlé fún ìsìnkú tàbí ọdún: ẹ wọn iye iná tó ń jẹ, ẹ lo wáyà DC tó bá a mu, ẹ bi dókítà nípa omi ìgbóná, ẹ sì dán an wò nílé fún odindi òru kan. Ẹ fi iná díẹ̀ kún ohun tí ìṣirò bá fún yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ gbé orí sókè, ẹ má mu ọtí, ẹ má sì lo oògùn oorun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò lè rọ́pò ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ń wọ bàálù, inú báàgì ọwọ́ ni bátìrì ń wà. Èyí tí kò ju watt-hour 100 lọ kò nílò àṣẹ. Láti 100 sí 160, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù.

Ohun kan ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ padà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Bàbá mi náà máa ń hanrun, á wá dákẹ́ lójijì, bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn. A máa ń rò pé oorun ló wọra.” Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pè mí pé wọ́n ti dá ọjọ́ tí bàbá máa lọ ṣe àyẹ̀wò.

Bí ẹnì kan nílé yín bá ń hanrun báyìí, ẹ tẹ́tí sí i lálẹ́ òní. Ẹ gbọ́ bí ó bá ń dákẹ́. Ó dìgbà kan ná o.