Ǹjẹ́ Rélùwéè Yẹ Ẹni Tó Ń Kó Ọmọ Wẹ́wẹ́ Lọ Sílé?

Bí ìdánwò bá ti ń parí lọ báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ẹnu gbogbo ilé Yorùbá ní Kàdúná: ta ni yóò lọ sílé, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà? Ẹni tó dá wà kò ní wàhálà púpọ̀. Yóò gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di pàákì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀gbọ́n tó ti bímọ méjì mẹ́ta, àwa náà sì ni wọ́n máa ń ní kí a bá wọn gbé ọmọ dání. Ìdí nìyí tí a fi ro ọ̀rọ̀ yìí wò: ṣé ọkọ̀ ojú irin yẹ ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, àbí kí wọ́n kúkú jókòó sílé?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Àwọn ọmọ tí à ń wí yìí, Kàdúná ni a bí wọn sí, gẹ́gẹ́ bí a ti bí àwa náà síbẹ̀. Hausa ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń ṣeré. Bí wọn kò bá rí ìyá àgbà kí ó tó papò dà, orúkọ lásán ni ìlú wọn yóò máa jẹ́ lẹ́nu wọn. Ìkìrun ni ilé tiwa. Ìyá tó bí bàbá wa ti lé ní ọmọ 80 ọdún, títí di Kérésì tó kọjá kò sì tíì fojú kan èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin. Ẹkún ọmọ náà nìkan ló ń gbọ́ lórí fóònù.

Rélùwéè kì í ṣe àjèjì sí wa o. Òun ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá wa dé òkè ọya. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà irin náà ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo, Ìkìrun, Ọ̀fà àti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà, ó sì pàdé èyí tó ti Bárò lọ sí Kánò ní Mínà. Kàdúná fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn èyí ni Lugard tẹ̀ ẹ́ dó, ní 1913. Àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò gùn ún wá láti Ọ̀fà, Ìkìrun àti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ bẹ̀rẹ̀ ní Kákúrì ní 1957, àwọn mìíràn tún tẹ̀ lé wọn.

Àwọn òbí wa máa ń sọ ìtàn ìrìn àjò yẹn bí ẹni ń sọ ìtàn ọdún eégún. Wọn á ní wọ́n ń jí àwọn nígbà tí ọkọ̀ bá gun afárá Jẹ́bà kí àwọn lè rí Odò Ọya. Wọn á ka ohun tí wọ́n ń rà lójú fèrèsé: ẹja gbígbẹ, ìrèké, àkàrà gbígbóná. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ìyá wa lẹ́ẹ̀kejì, ìtàn náà máa ń yí. Ìyá wa sọ pé omi tán lọ́jọ́ kan kí àwọn tó dé Mínà, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ṣeé wọ̀, àti pé abẹ́ àga ni òun tẹ́ ìró sí kí ẹ̀gbọ́n wa lè rí ibi sùn. Bàbá wa kò mẹ́nu ba èyí rí. Nígbà tí wọ́n tún dá ọkọ̀ èrò Èkó sí Kánò padà ní oṣù Kejìlá 2012, ìrìn náà lé ní wákàtí 30. Ta ni yóò mú ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó fún wákàtí 30?

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ìbéèrè yìí ń dààmú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá kan wà tó ń kó àwọn tó ń gbafẹ́ láti Los Angeles lọ sí èbúté Ensenada àti Mazatlán ní Mẹ́síkò, àwọn òbí ibẹ̀ sì ń jiyàn bóyá ó yẹ ọmọdé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí ọkọ̀ yóò bá pẹ́ lórí agbami, wọ́n lè ní kí ọmọ pé ọdún kan, nítorí ibi tí ilé ìwòsàn tòótọ́ wà jìnnà. A fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn. Wákàtí ni kí òbí kọ́kọ́ kà, kí ó tó wo bí àga ṣe rọ̀ tó.

Bí a bá wá ka wákàtí, ọkọ̀ tuntun tó ń ti Rígásà lọ sí Idù ní Àbújá ló gbayì jù. Oṣù Keje 2016 ni wọ́n ṣí i. Ìrìn náà jẹ́ kìlómítà 186, nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ọmọ sì lè dìde rìn, èyí tí kò ṣeé ṣe nínú bọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni a ó pa bí a bá dákẹ́ síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, 2022, àwọn agbébọn fi àdó olóró da ọkọ̀ náà dúró, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn tó lé ní 60 wọ igbó. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Oṣù Kẹwàá ni àwọn tó ṣẹ́kù tó bọ́. Ọkọ̀ kò tún rìn títí di ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá ọdún náà, ìgbà tó sì padà, wọ́n yọ ìrìn alẹ́ kúrò. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ó tún yẹ̀ kúrò lórí irin ní Ashám, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbé e lẹ́yìn gbogbo èyí, a kò lè pè é ní ojo. Ohun tí àwa rí ni pé ọ̀nà títì Kàdúná sí Àbújá kò sàn jù ú lọ, ọ̀nà Bìrnìn Gwàrì tí à bá fi gba Jẹ́bà lọ tààrà sì ti di ohun tí àwọn awakọ̀ fúnra wọn ń sá fún.

Nítorí náà, a wọ rélùwéè ní Kérésì tó kọjá: ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, àti àwa. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún méje, èkejì mẹ́rin, èyí tó kéré jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án. Wàhálà àkọ́kọ́ kò sí nínú ọkọ̀, Rígásà ló wà. Ibẹ̀ jìnnà sí ìgboro, ọyẹ́ ń fẹ́, wọ́n sì ń yẹ ẹrù wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹkún ya ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN kí ènìyàn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. A dúpẹ́ pé ó wà lórí fóònù rẹ̀. Ẹ ṣe ètò èyí nílé.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó bì. Ọmọ ọdún méje ń ka òpó iná. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń bi wá ní Hausa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá pé, "Mun iso?", àwa náà ń fi Yorùbá dá a lóhùn pé a kò tíì dé. Ọmọ kékeré mu ọmú, ó sùn. Ní Kubwa ni a sọ̀, níbi tí ìbátan wa kan ń gbé, a sì sùn síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo oorun alẹ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì ni a tó jẹ ìyà. Bọ́ọ̀sì ló gbé wa láti Àbújá gba Lọ́kọ́ja, Kàbà, Òmù-Àrán àti Ọ̀fà, láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin bì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, ẹ bá wa dúró díẹ̀." Awakọ̀ ní, "Ìyá ọmọ, ibí yìí kọ́ ni wọ́n ti ń dúró." A kò lè bá a jà, ó mọ ohun tó ń bẹ nínú igbó náà jù wá lọ. Bí owó bá wà, ẹ wọ bàálù láti Àbújá sí Ìlọrin, kí ẹ fi mọ́tò parí ìyókù. Àwọn tí ilé wọn wà ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn lè gba Èkó. Rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 wà níbẹ̀, àwọn ọmọ á sì gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ní èrò tiwa, rélùwéè yẹ ọmọ ọdún mẹ́rin sókè, ó sì yẹ ọmọ tó ṣì wà lẹ́nu ọmú. Èyí tó ṣòro ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, tí kì í gbọ́ "jókòó". Nígbà Àjíǹde, ọmọ kékeré wa yóò ti di irú rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n wa ní kí wọ́n dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní ìyá àgbà ti lé ní 80, òun kò lè dúró. Àwa ni wọ́n ń wò pé kí a dá sí i, a sì ti sọ pé a ó gbé ọmọ náà.