Ère wà ní gbangba ìlú, àpò ta ni owó rẹ̀ ti jáde?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí pẹ̀lú ère àti iṣẹ́ ọnà tí à ń rí ní gbangba ìlú. Bó ti wù kí oníṣẹ́ ọnà mọ iṣẹ́ tó, bí kò bá sí ẹni tí yóò ra irin tàbí idẹ fún un, inú ọpọlọ rẹ̀ ni ère náà yóò máa gbé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin ló sọ ẹni tí yóò sanwó. Àmọ́ òfin ọ̀hún ti gbé àwọn kan dé kóòtù.

Ìlú Philadelphia ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì gbà ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, àjọ tó ń tún ìlú náà kọ́ máa ń gba ilẹ̀ àdúgbò tó ti gbó, wọn a sì fà á lé àwọn tó ń fi ilé kíkọ́ ṣòwò lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ́lé sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà, ó kéré tán. Bí ilé bá gba 10 mílíọ̀nù dọ́là, 100,000 dọ́là ni ti ère. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin lọ́dún kan náà pé kí iṣẹ́ ọnà wà lára ilé tí ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ bá ń kọ́.

Ẹni tó bá dé àárín ìlú náà yóò rí ohun tí ètò yìí bí. Níwájú ilé ńlá Centre Square, péègì kan wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń há aṣọ mọ́ okùn, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 45. Claes Oldenburg ló ṣe é, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1976. Jack Wolgin, oníṣòwò tó kọ́ ilé náà, ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Ìlú Seattle ṣe irú òfin yìí lọ́dún 1973: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ àkànṣe ìlú ni yóò máa lọ fún iṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Ìlú ló ni iléeṣẹ́ iná mànàmáná, owó tí àwọn èèyàn ń san fún iná ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Làwọn kan bá ní owó iná làwọn san, àwọn kò san ti ère. Lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ Washington dá a pé kí wọ́n má fi owó iná ṣe iṣẹ́ ọnà, àfi èyí tó bá tan mọ́ iṣẹ́ iná gan-an.

Ní Oakland, ìpínlẹ̀ California, àwọn kọ́lékọ́lé ló fárí gá. Ìgbìmọ̀ ìlú ti ṣòfin ní ìparí ọdún 2014 pé ẹni tó bá ń kọ́ ilé gbígbé yóò ná ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sórí iṣẹ́ ọnà, ẹni tó bá ń kọ́ ilé ìṣòwò yóò ná odidi ìdá kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé ère síbẹ̀ lè san owó náà fún ìlú. Ẹgbẹ́ wọn pẹjọ́ lọ́dún 2015 pé ìjọba ń fipá gba dúkìá àwọn. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù lọ́dún 2018, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2019.

Ta ló wá jẹ gbèsè náà? Bí oníṣòwò bá sanwó ère lónìí, ó lè fi lé owó ilé lọ́la, kí ayálégbé máa san án láìmọ̀.

Èyí rán èèyàn létí ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe lọ́dún 1964, èyí tí iléeṣẹ́ mànàmáná Nàìjíríà ayé ìgbà náà ní kó ṣe fún olú iléeṣẹ́ wọn ní Marina, l'Ékòó. Ta ni yóò béèrè ohun tó da Ṣàngó, olówó àrá, pọ̀ mọ́ iná? Ìlú tó bá fẹ́ kí òfin ère tọ́jọ́, kó rí i pé ẹni tó ń sanwó mọ̀ pé òun ń san án, kó sì rí ohun tó kàn án nínú ère náà.