Tíọ́rì Gẹ́gẹ́ bí Irinṣẹ́ Olùkọ́: 'Mímọ̀' àti 'Gbígbàgbọ́' ní Kíláàsì Agbègbè Yewa

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni ló ń há tíọ́rì ìmọ̀ ọgbọ́n-orí sórí nítorí ìdánwò, tí wọn kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. William James, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi yé ni nínú ìwé rẹ̀, Pragmatism (1907), pé irinṣẹ́ ni tíọ́rì. Bí àgbẹ̀ ṣe ń fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ lóko ni ó yẹ kí olùkọ́ máa fi tíọ́rì ṣiṣẹ́ ní kíláàsì.

Tíọ́rì Hallen àti Sodipo

Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft jáde lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá. Wọ́n rí i pé 'mọ̀' jẹ mọ́ ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì yé e. 'Gbàgbọ́' ní tirẹ̀ jẹ mọ́ ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà. Ohun tí a kà nínú ìwé wà lábẹ́ èyí pẹ̀lú.

Lílo irinṣẹ́ náà

Ká ní olùkọ́ kan ní Ìlaròó ń kọ́ni nípa àdéhùn ọdún 1889, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi pín ilẹ̀, tí Kétu fi bọ́ sí apá Faransé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti dé Ìdíìrókò mọ̀ pé ẹnubodè wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ló rí i. Ṣùgbọ́n ọdún 1889 jẹ́ ohun tí ó gbàgbọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló kàn: Ta ni ó rí i? Ta ni ó sọ ọ́? Báwo ni a ṣe lè dán an wò? A lè fi ìtàn àwọn àgbà Ayétòrò wé ti ìwé, kí a sì fi máàpù wé méjèèjì.

Irinṣẹ́ yìí ní ààlà tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fojú rí ọdún 1889 mọ́. Bí a bá ní kí a ju gbogbo ìgbàgbọ́ nù, ẹ̀kọ́ ìtàn parun nìyẹn. Iṣẹ́ tíọ́rì náà ni láti mú kí a yẹ ẹ̀rí wò kí a tó gbà á.

Àgbálọgbábọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn pé, "Mo gbà á gbọ́, ìwé ni mo ti kà á", kò yẹ ní bíbáwí. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tí ó mọ̀ àti èyí tí ó kàn gbàgbọ́ nínú ohun tí ó ń kọ́ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àhásórí ni yóò fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.